Omi Ti Dé, Ọkọ Ò Tíì Dé

Ọmọlúàbí ni Yuraima. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, nítorí ní àsìkò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òpùrọ́ ni gbogbo àdúgbò El Jobo ń pè é, àti lójú àti lẹ́yìn. Yàrá kan ló háyà lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní ìlú Santiago, ní orílẹ̀-èdè Dominican. Yàrá náà ni iléeṣẹ́ rẹ̀, òun náà sì ni ilé. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, sítóòfù wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ibùsùn wà lẹ́yìn sítóòfù, Yuraima sì wà láàárín gbogbo rẹ̀, ó ń wá àṣìṣe tí kò rí.

Ohun tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ní El Jobo, omi ẹ̀rọ kì í ní àsìkò. Ó lè dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó má sì tún yọjú mọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ẹni tí kò bá sí nílé láti ṣí táǹkì rẹ̀, ó di kó máa wo táǹkì aládùúgbò. Bí omi bá dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á ké láti ojú fèrèsé pé “Llegó!”, ìyẹn ni pé ó ti dé, igbe náà á sì máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Igbe yẹn ni Yuraima gbé sórí fóònù. Llegó lorúkọ áàpù tí òun àti Wilmer, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, jọ ṣe. Wilmer ń ti Barquisimeto, ìlú wọn ní Venezuela, ṣe tirẹ̀. Yuraima ń ṣe tirẹ̀ ní El Jobo. Bí àwọn tó wà lókè òpópónà bá ti tẹ bọ́tìnnì pé omi ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, áàpù á ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé omi ń bọ̀ ahorita.

Níbi tí wọ́n bí Yuraima sí, ẹni tó bá ní ahorita ti wọ bàtà tán. Ahorita kò gba kí ènìyàn jókòó.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń kọ Ìròyìn Llegó ránṣẹ́ sí àdúgbò: ohun tuntun tí áàpù lè ṣe, ohun tó bàjẹ́ tí wọ́n ti tún ṣe, òpópónà tí wọn yóò ti kó ìdọ̀tí inú gọ́tà ní Sátidé kí òjò tó dé. Ìròyìn yẹn ni Yuraima fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Mireya, olórí ẹgbẹ́ àdúgbò, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ, ló bá a gba gbọ̀ngàn ìjọ Àgùdà kó lè máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìlò fóònù. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ pàdé Radhamés.

Iṣẹ́ Radhamés ni kó máa tún ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ sórí òrùlé ṣe. Ó jókòó sẹ́yìn ní ọjọ́ tí Yuraima ń ṣàlàyé áàpù fún àdúgbò, ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

“Ọ̀gá mi obìnrin,” ó ní, “ẹ má bínú o. Àwa la máa ṣọ́ omi, àwa la máa tẹ bọ́tìnnì, àwa náà la máa gbé garawa. Kí wá ni iṣẹ́ iléeṣẹ́?”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Yuraima, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò kú. “Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ni kó máa gbọ́ èébú yín,” ó dáhùn.

Radhamés rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Kí ìpàdé tó tú, ó ti gbé Llegó sórí fóònù rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wá síbi iṣẹ́ gọ́tà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì, ó ní ìkejì ṣẹ́kù sí òun lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ obìnrin ni, tuntun ni, bébà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Yuraima wọ̀ ọ́, ó sì mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Láti ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n bá ti ń kó ìdọ̀tí ni wọ́n ti ń fẹ́ra. Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ kò mọ òórùn.

Ìdààmú dé nígbà tí Máàsì ìrántí ọdún kan tí bàbá Radhamés kú kò. Don Bienvenido ni wọ́n ń pe olóògbé náà, ẹni iyì ni láyé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Doña Ercilia, ìyá Radhamés, sì ti múra láti gba gbogbo ará ilé, ará oko, àti ẹbí láti ìlú Moca. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Máàsì, fóònù rẹ̀ dún, Llegó ní omi ń bọ̀ ahorita. Doña Ercilia kà á, ó mi orí, ó sì lọ ṣe irun. Nígbà tó fi máa dé, omi ti wá, omi ti lọ, táǹkì rẹ̀ gbẹ. Omi kò padà wá ní ọ̀sẹ̀ náà. Àlejò kún ilé, kò sí omi ìfọwọ́, kò sí omi ìfọbọ́, ilé ìyàgbẹ́ di ohun tí a kì í sọ níwájú oúnjẹ. Ẹbí láti Moca tètè lọ sílé, wọ́n ní ọ̀nà jìn. Ọ̀nà náà kò jìn rárá.

Doña Ercilia kò pariwo. Ó kàn sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọbìnrin Venezuela yẹn gbẹ omi ilé òun lọ́jọ́ ọkọ òun. Nígbà tí Mireya sì ta á lólobó pé ọmọbìnrin náà ni Radhamés ń fẹ́, ó ní kí wọ́n má ṣe dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé òun.

Yuraima gbọ́, inú bí i títí orí fi ń fọ́ ọ. Ó tú áàpù wò láti òkè délẹ̀. Àkókò tí ìkéde jáde wà níbẹ̀: ìkéde ti dé ọwọ́ Doña Ercilia kí omi tó dé ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ló wá gbé obìnrin náà lọ ṣe irun? Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ìyá kan ní omi ti lọ kí òun tó ti ọjà dé. Bàbá kan ní irọ́ ni áàpù yìí ń pa, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí fóònù òun. Lọ́jọ́ Ẹtì, Yuraima kọ Ìròyìn: a bẹ̀ yín, a ti mú kí ìkéde yá sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì kejì: a ti tún mú un yá sí i. Bó ṣe ń yá sí i ni èébú ń pọ̀ sí i. Wilmer pè láti Barquisimeto, ó ní òun ti wo iṣẹ́ náà títí ojú fi ń ro òun, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Yuraima ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà kò rí nǹkan kan, ó sì sunkún sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà.

Radhamés ni ìbá ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n orí òrùlé ni tirẹ̀. Ìró omi nínú páìpù ló máa ń gbọ́, kò ka ìkéde rí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pè é gòkè lọ síbi tó ti ń de táǹkì kan mọ́lẹ̀. Gbogbo El Jobo wà lábẹ́ wọn, páànù lórí páànù. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

“Yuraima, a máa fẹ́ra wa. Ohun yòówù kí ìyá mi wí.”

Yuraima bi í pé, “Nígbà wo?”

“Ahorita,” ni Radhamés wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Yuraima sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ìyẹ́ fún. Kó tó dé ilé ló ti pe ìyá rẹ̀ ní Barquisimeto. Ìyá náà búra pé òun ti mọ̀ lójú àlá, ó ní òun á lọ gba ìwé ìbí rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó di pé wọ́n tilẹ̀kùn. Yuraima ra bàtà funfun. Ó tún yàrá ṣe, ó fi aṣọ bo ibùsùn kí àwọn àna má baà rí i. Ó wá jókòó, ó ń retí ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ náà kọjá. Ọ̀sẹ̀ kọjá. Radhamés ń wá, ó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín wá, ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó jóná, ṣùgbọ́n kò mú ìyá wá, kò mú ọ̀rọ̀ wá. Lójoojúmọ́ ni ìyá Barquisimeto ń bèèrè pé àwọn àna ńkọ́. Yuraima ń dá a lóhùn pé wọ́n ń bọ̀, títí irọ́ náà fi sú òun fúnra rẹ̀. Ṣé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ṣé bí ọkùnrin ibí ṣe máa ń ṣe nìyí? Àbí nítorí pé òun kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n nítòsí tó lè bi í léèrè ọ̀rọ̀?

Níkẹyìn, ó bi í fúnra rẹ̀, ní ojú ọ̀nà, níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi tí kò yẹ kó ti bi í.

“Radhamés, o ṣèlérí fún mi.”

“Mo ṣèlérí. Mi ò sì tíì yẹ̀ ẹ́.”

“O ní ahorita!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ahorita ni mo wí.”

“Ahorita ti kọjá tipẹ́!”

Ojú Radhamés dàrú. “Báwo ló ṣe máa kọjá? Kò tíì dé. Kí ló dé tó o fi ń kán mi lójú báyìí? Mo sọ fún ẹ ní gbangba, o sì gbà.”

Yuraima wò ó bí ẹni tó ń wo ojú ẹlòmíràn. Òpùrọ́ tí kì í tijú ni, ó rò. Ó sọ fún un pé iléeṣẹ́ ńlá kan ní Chile ti kọ̀wé sí òun, wọ́n ní kí òun wá bá àwọn ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń retí èsì kí oṣù tó parí. Òun ti fẹ́ kọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Òun kò ní kọ̀ mọ́. Ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó sì tilẹ̀kùn. Àwọn onígbàjámọ̀ dá ẹ̀rọ ìgẹrun dúró kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

Mireya ni ìyá ìsàmì Radhamés. Ó rí ọmọ náà tó ń rù, ó rí ọmọbìnrin náà tó ń di ẹrù, ó ní òun kò lè máa wòran. Ó lọ bá Doña Ercilia, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Doña Ercilia ní ẹni tí kò lè sọ òótọ́ nípa omi fún òun, òótọ́ wo ni yóò sọ nípa ọmọ òun? Mireya kò dákẹ́. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, Doña Ercilia ní ó dáa, kí ọmọbìnrin náà wá tọrọ àforíjì kó tó lọ síbi tó ń lọ, kí òun lè sinmi.

Yuraima ní òun kò ní tọrọ àforíjì lórí ohun tí òun kò ṣe. Mireya ní ta ló ní kó tọrọ ẹ̀. Kó ṣá lọ jókòó síwájú obìnrin náà, kí wọ́n jọ wojú ara wọn. Nítorí ọ̀wọ̀ Mireya nìkan ló fi lọ.

Doña Ercilia ṣílẹ̀kùn fún un láìrẹ́rìn-ín. Àwòrán Don Bienvenido ń wò wọ́n láti ara ògiri. Ó nàka sí àga kan ní ilé ìdáná.

“Jókòó. Màá po kọfí ahorita.”

Yuraima jókòó. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí kọfí bá ti délẹ̀, ọ̀rọ̀ á rọrùn. Doña Ercilia mú ìgbálẹ̀, ó gbá ilé. Ó ṣa ẹ̀wà. Ó jáde lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ó padà wọlé. Ìkòkò kọfí wà lórí sítóòfù, ó tutù bí òkúta, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Yuraima ń wo ìkòkò, ìtìjú ń gun òkè lọ́rùn rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ènìyàn bá kórìíra ọ, á fún ọ ní kọfí kó tó bú ọ. Èyí ju èébú lọ. Doña Ercilia náà sì ń wo ẹni tó ń wo ìkòkò rẹ̀, ó ń rò ó pé irú ojúkòkòrò wo nìyí.

“Màmá,” ni Yuraima wí nígbẹ̀yìn, “bí ẹ ò bá fẹ́ fún mi ní kọfí, ẹ sọ ọ́. Mi ò wá tọrọ kọfí.”

“Ta ló ní mi ò fún ẹ? Ṣebí mo ti sọ fún ẹ pé ahorita.”

“Ẹ sọ ọ́. Látìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti ń retí ẹ̀.”

“O ń retí kí ni? Radhamés ò tíì tibi iṣẹ́ dé. Tó bá dé, màá po ó, ká jọ mu ún. Mo ní ahorita.”

Yuraima gbé ojú kúrò lára ìkòkò. Ohun kan ń rìn bọ̀ nínú orí rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni ahorita?”

Doña Ercilia wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ni iyọ̀. “Kí ló tún máa jẹ́? Tó bá yá. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i. Tó bá di ọ̀sán. Ohun tí kì í ṣe ìsinsìnyí.”

“Lọ́dọ̀ tiwa,” Yuraima wí jẹ́jẹ́, “ìsinsìnyí gan-an ni.”

Doña Ercilia fa àga kan, ó jókòó, ó wo àwòrán ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin náà.

“Ọjọ́ tó ṣáájú Máàsì Bienvenido,” ó ní. “Fóònù ní omi ń bọ̀ ahorita. Mo ní ó dáa náà, ó di ọ̀sán. Mo lọ ṣe irun.”

“Èmi sì ń bínú pé mo sọ fún yín pé omi ti dé tán, ẹ dìde, ẹ lọ ṣe irun.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Doña Ercilia, èyí tí kò fẹ́ rín. Ó ní inú ṣì ń bí òun o, àwọn ẹbí Moca lọ láìfọwọ́, òun kò ní gbàgbé ìyẹn láé. Ṣùgbọ́n ta ni òun á wá bínú sí báyìí? Yuraima náà ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ẹ̀rín náà yí padà, ó bo ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gidi.

“Kí ló tún dé?”

“Radhamés,” ni Yuraima wí láàárín ẹkún. “Ó ní a máa fẹ́ra ahorita. Mo ra bàtà, Màmá. Mo ti sọ fún ìyá mi. Mo pè é ní òpùrọ́ lójú títì.”

Doña Ercilia kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bàbá Radhamés gan-an nìyẹn. Ahorita ni Bienvenido fi bọ́ òun títí irun orí òun fi fẹ́ẹ̀ funfun kó tó gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá di ọwọ́ Yuraima mú.

“Ọmọ mi ò purọ́ fún ẹ. Ó ní tó bá yá. Èmi ni mi ò jẹ́ kó yá.”

Ó dìde, ó dáná sí abẹ́ ìkòkò, wọn kò dúró de Radhamés.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìròyìn Llegó jáde láàárọ̀. Báyìí ni Yuraima ṣe kọ ọ́:

“Ẹ̀yin ará El Jobo, a ti rí àṣìṣe náà. Kò sí nínú ẹ̀rọ, ẹnu wa ló wà. Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ náà ahorita kò sí nínú Llegó mọ́. Bọ́tìnnì méjì ló rọ́pò rẹ̀: nísinsìnyí, àti tó bá yá. Ẹni tó bá fẹ́ kéde gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí táǹkì rẹ̀ gbẹ, pàápàá lọ́wọ́ Doña Ercilia àti ẹ̀mí Don Bienvenido. Iṣẹ́ gọ́tà wà lọ́la bó ṣe máa ń wà. Fún ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní àdúgbò yìí: bọ́tìnnì kẹta kò sí. Chile ń retí èsì mi.”

Ká sòótọ́, kò sí ẹni tó ń ka Ìròyìn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ka tọjọ́ yẹn. Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kà á lórí òrùlé, onígbàjámọ̀ kà á sókè fún ẹni tó wà lórí àga. Radhamés kò tíì parí kíkà rẹ̀ tí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ.

Yuraima gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti retí ìró yẹn títí ó fi kórìíra rẹ̀. Radhamés wọlé pẹ̀lú eruku òrùlé lára, Mireya tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹ, Doña Ercilia ló kẹ́yìn nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí Máàsì. Kò sí àga tó tó. Ibùsùn tí Yuraima fi aṣọ bò nítorí wọn náà ni wọ́n jókòó lé.

Radhamés kò jókòó. “Mi ò mọ̀ pé ohun tó o gbọ́ nìyẹn,” ó ní. “Mo rò pé o fẹ́ kí n ti ìyá mi ṣubú ni. Mo ń dúró de ìgbà tí ọkàn wọn máa rọ̀.”

“Mo mọ̀,” ni Yuraima wí. “Nígbà wo wá ni?”

Radhamés ya ẹnu. Gbogbo wọn rí i tí ọ̀rọ̀ náà gun orí ahọ́n rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bojú wò ó. Ó gbé e mì.

“Nísinsìnyí,” ó wí, òógùn bò ó bí ẹni tó gbé táǹkì gun òrùlé.

Mireya ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run tóbi, bó pẹ́ títí akólòlò á pe baba. Yuraima fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Ó pe Barquisimeto, ó fi fóònù ti kọ̀ǹpútà, ojú ìyá rẹ̀ sì yọ, ó ti fi aṣọ tó dáa sọ́rùn. Doña Ercilia tún jókòó dáadáa, ó kí i bí àgbà ṣe ń kí àgbà. Ó ní òun wá láti sọ̀rọ̀ ọmọ. Ó ní òun ti ṣe àìdáa sí ọmọ náà, òun fẹ́ sọ ọ́ fúnra òun kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ ló dé tí gbogbo fóònù tó wà nínú yàrá fi dún lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ti dé òpópónà òkè. Ó ń bọ̀ ní El Jobo nísinsìnyí.

“Llegó!” ni ẹnì kan ké nísàlẹ̀. “Llegó! Llegó!” Igbe náà ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn onígbàjámọ̀ fi oníbàárà sílẹ̀ lórí àga, ilẹ̀kùn ń ṣí, garawa ń dún. Mireya ti dìde. Radhamés ń wo ọ̀nà, ara rẹ̀ kò balẹ̀.

“Ercilia,” ni Mireya wí, “táǹkì ẹ! Títì pa lo fi sílẹ̀!”

Yuraima wo ìyá Radhamés. Ó rí i pé Doña Ercilia gbọ́. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó di etí aṣọ ibùsùn mú. Obìnrin tó ti gbé omi ọjọ́ kan sọ́kàn fún gbogbo oṣù wọ̀nyí kò tilẹ̀ yí ọrùn padà sí ẹnu ọ̀nà. Ojú ìyá tó wà nínú fóònù ló ń wò.

“Ahorita,” ó ní, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá Barquisimeto bojú wò wọ́n láti inú fóònù. “Ahorita? Ṣé wọ́n fẹ́ máa lọ ni?”

“Rárá, Màmá,” ni Yuraima wí, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Wọn ò lọ síbì kankan.”